Ọwọ́ Kelera Lórí Ẹní Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ eléyìí, kí ẹni tó bá rí i má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nọ́ọ̀sì Ilisapeci ló fún mi ní ìwé yìí lọ́jọ́ tí mo kúrò ní ọsibítù ní Suva, olú ìlú wa. Ó ní kí n máa kọ ohun tí mi ò bá lè fi ẹnu sọ sínú rẹ̀. Mo ní kò sí ohun tí mi ò lè fi ẹnu sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó kàn ki ìwé náà bọ inú báàgì mi.

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti délé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí sítóòfù kẹrosín tó bú gbàù láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ se tíì. Iná jó ọwọ́ ọ̀tún mi títí dé ìgbọ̀nwọ́, ọrùn, àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan.

Ilé mọ́ ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Wọ́n to ìkòkò sórí pẹpẹ láti orí ńlá dé orí kékeré. Kelera, àbúrò mi, ló tò ó. Ó fi iṣẹ́ tó ń ṣe ní Levuka, níbi tí wọ́n ti ń di ẹja sínú agolo, sílẹ̀ nítorí mi. Gbogbo abúlé ló sì ń sọ ọ́ sí mi létí: "Vilisi, o ní àbúrò o!" Mo gbọ́. Ta ló ní mi ò ní?

Ó ti ń hun ẹní mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 6

Ẹní ìgbéyàwó Seini ni. Oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó náà, èmi sì ni ìyá Seini wá bẹ̀ lọ́wẹ̀, nítorí kò sí obìnrin tó ń hun ẹní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí tèmi ní erékùṣù yìí. Kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ni wọ́n ń sọ ọ́. Mo ti hun ún dé ìdajì kí sítóòfù tó bú.

Lónìí mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń wo Kelera. Ewé voivoi tí a fi ń hun ẹní ń sá lọ lábẹ́ ìka rẹ̀ bí ẹja kéékèèké létí omi. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Gbogbo wọn ló ń tẹ̀, gbogbo wọn ló ń nà. Èmi ni mo kọ́ ọ. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, apẹ̀rẹ̀ tó hun rí wọ́gọwọ̀gọ tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ kò fi yé ẹyin sínú rẹ̀. Mo rántí bí mo ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó gún báyìí?" ló bi mí.

"Ó gún," ni mo sọ. Ó gún lóòótọ́. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 10

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní orí ń fọ́ mi. Mo ti fi aṣọ bo jígí tó wà ní yàrá.

Kí wọ́n tó jáde, Kelera ya irun Lusi, ọmọ mi, ní ẹnu ọ̀nà. Mo pe ọmọ náà pé kó wá kí n fi ọwọ́ òsì bá a ṣe ìyókù. Ó wò mí, ó wo Kelera, ó ní, "Màámi, Àǹtí Kelera kì í jẹ́ kó dùn mí." Ọmọ ọdún méje ni. Kò ní i lọ́kàn láti gún mi lọ́bẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 15

Òjò láti àárọ̀. Àpá ń yún mi lábẹ́ ìbọ̀wọ́ fífún tí wọ́n ní kí n máa wọ̀, bíi pé èèrà ń rìn nínú ẹran ara mi. Wọ́n ní kẹrosín tún ti wọ́n sí i ní ṣọ́ọ̀bù. Kó wọ́n títí tí ẹnì kan kò fi ní lè rà á mọ́.

Igi ni Kelera fi ń dáná báyìí. Bí èéfín bá ti dé imú mi, màá dìde lọ sí etí òkun. Mi ò tíì fi ẹsẹ̀ kan ilé ìdáná láti ọjọ́ tí mo ti dé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21

Nọ́ọ̀sì Ilisapeci bá ọkọ̀ ojú omi dé. Ó wọn ìka mi. Ìka àárín ti ká kò sí i, ó ní mi ò ṣe eré ìka tó kọ́ mi. Irọ́ kọ́.

"Ṣé ẹ ń sùn?"

"Mò ń sùn."

"Ta ni inú ń bí yín sí?"

"Kò sí."

Ó pa báàgì rẹ̀ dé. "Ìyá Lusi, láti ìgbà tí mo ti jókòó, ẹ ò tíì wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò yín tó ń sá ewé ní ìta lẹ̀ ń wò."

Mo ní kó mu tíì. Kelera ló sè é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 23

Kelera sọ ọ̀rọ̀ kan ní ilé ìdáná, Bàbá Lusi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 28

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi gbé ẹ̀rín yẹn kiri kí n tó bi Bàbá Lusi. Ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lábẹ́ igi àgbọn.

Mo ní, "Semisi, ṣé Kelera ti ń ṣe ìyàwó fún ọ pẹ̀lú ìyókù tó ń ṣe?"

Àwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá Lusi, ṣé orí rẹ pé? Kelera tó jẹ́ pé èmi ni mò ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwé nígbà tí mò ń fẹ́ ọ sọ́nà?"

"Kí ló dé tí o fi ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀?"

Ó ṣa àwọ̀n náà, ó tún jù ú sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Mi ò mọ ibi tí mo lè fọwọ́ kàn lára rẹ tí kò ní dùn ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí o dé, mo fara kàn ọ́ lójú oorun, o ké. Mi ò fẹ́ gbọ́ igbe yẹn mọ́."

Mi ò rántí pé mo ké. Ó yẹ kí n sọ fún un pé èjìká òsì mi kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Mo kàn dìde ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá

Ìyá Seini wá wo ẹní. Ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ tì í, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lọ, ra á bọ̀. Ó ní, "Ta ló hun apá ibí? Ó tẹ́jú ju apá ọ̀hún lọ." Apá Kelera ni. Apá ọ̀hún ni tèmi.

Kelera sáré ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi, mà. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mò ń ṣe."

Ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́. Ì bá tilẹ̀ yangàn, ì bá sàn fún mi. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tó lè rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ọmọ náà ń gbìyànjú."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 3

Mi ò ní kọ ọ́ bíi pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀.

Omi òkun fà, gbogbo wọn lọ ṣa ìgbín òkun. Mo mú ọ̀bẹ kékeré tí a fi ń bẹ ìbẹ́pẹ. Mo jókòó sórí ẹní, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ òsì gé apá tí Kelera hun. Ibi tí mo gé, mo tú u. Ó tó gígùn apá mi. Ó dùn mọ́ mi. Ewé náà ń já tà-tà-tà, inú mi ń tutù.

Mo ká ẹní náà padà, mo lọ dùbúlẹ̀. Inú mi kò tutù ju bí ẹni mu ife omi kan lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 4

Kelera ṣí ẹní láàárọ̀. Kò pariwo. Ó kàn jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé ewé tó gé sórí itan. Bàbá Lusi ló pariwo. Wọ́n rí ọ̀bẹ ìbẹ́pẹ náà lábẹ́ ẹní níbi tí mo gbàgbé rẹ̀ sí, Lusi ni gbogbo ilé sì mọ̀ mọ ọ̀bẹ yẹn.

"Lusi! Kí lo fi èyí ṣe?"

"Èmi kọ́, Bàbá."

"Ọ̀bẹ ta nìyí?"

"Tèmi ni, ṣùgbọ́n èmi kọ́!"

Ó nà án lẹ́gba mẹ́ta. Kelera ń bẹ̀ ẹ́ pé ọmọdé ni, kó fi í sílẹ̀, òun á tún un hun. Mo wà nínú yàrá, mo ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5

Lusi kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Ó jẹ ẹ̀gẹ́ díẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6

Nídìí oúnjẹ àárọ̀ ni mo ti sọ ọ́. Lusi fẹ́ mú búrẹ́dì, ó kọ́kọ́ wo ojú bàbá rẹ̀ bóyá òun lè mú un. Ìwò yẹn ni mi ò lè fara dà.

Mo ní, "Èmi ni mo gé ẹní."

Bàbá Lusi ní, "Má gbèjà rẹ̀."

"Semisi, mi ò gbèjà ẹnì kankan. Èmi ni. Mo fi ọ̀bẹ gé e nígbà tí ẹ lọ sí òkun."

Bàbá Lusi dìde, ó yí tábìlì ká, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà. "Lusi, bàbá ṣì ọ́ nà. Má bínú sí mi." Ọmọ náà bú sẹ́kún. Kì í ṣe èmi ló dì mọ́.

Kelera ló kẹ́yìn tó sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń fọ egbò yín. Mo ti ń fọ aṣọ yín. Mo fi iṣẹ́ mi sílẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n má hun ẹní, ǹ bá ti fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tí wọ́n ń na ọmọ."

"Kelera..."

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má pè mí."

Ó bá ọkọ̀ ọ̀sán lọ sí Levuka. Mo wo ọkọ̀ náà títí tó fi yí etí àpáta kọjá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8

Bísíkíìtì la jẹ láàárọ̀, bísíkíìtì la jẹ lọ́sàn-án. Ìyàwó pásítọ̀ gbé kókò àti ewé kókò tí wọ́n fi omi àgbọn sè wá. Ó béèrè Kelera. Mo ní ó ní iṣẹ́ ní Levuka. Lusi gbé ojú sókè wò mí, mo sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ: "A jà. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9

Bàbá Lusi lọ sí òkun kí ilẹ̀ tó mọ́. Lusi ní ebi ń pa òun, òun kò jẹ bísíkíìtì mọ́.

Mo wọ ilé ìdáná. Mo to igi. Mo ṣá ìṣáná àkọ́kọ́, mo rí iná, mo jù ú nù, mo sì bá ara mi ní ìta lẹ́bàá ìkòkò omi. Mo padà. Èkejì kú lọ́wọ́ mi. Nígbà ẹ̀kẹta, Lusi ti wá dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n ṣá a."

Mo ní, "Rárá. Dúró síbẹ̀ yẹn. Máa kà fún mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ó ti ka mẹ́tàdínlógún kí iná tó ran igi. Òógùn bò mí bíi pé mo ti inú odò jáde. A se ẹ̀gẹ́. Kò jinná dáadáa. Ó jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12

Nọ́ọ̀sì Ilisapeci wá. Mo ṣí ìwé yìí sí ọjọ́ 3, mo tì í sí i níwájú. Ó kà á, ó tún un kà.

Ó ní òun ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí iná jó tí wọ́n ń jowú: awọ ara ẹlòmíràn, oorun ẹlòmíràn, ẹni tó lè dìde lọ gbé ìkòkò láì ronú. Ọkùnrin kan wà tó ń jowú ajá rẹ̀. Ó ní mi ò burú, mi ò sì ya wèrè.

Mo fẹ́ mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣe sí ọmọ yẹn kò sí lára àìsàn, Ìyá Lusi. Ìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe. Àbúrò yín náà, ẹ máa lọ bá a."

"Bí wọ́n bá ń wò mí nínú ọkọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á wò yín."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 14

Wọ́n wò mí. Ọmọ kan na ìka sí ọrùn mi, ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. Òkun ru. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì.

Kelera ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé tó ń gbé ní Levuka. Ó rí mi, kò sì dẹ́kun aṣọ sísá.

Mo ní, "Mò ń jowú rẹ."

"Mo mọ̀."

"Ọwọ́ rẹ. Bí o ṣe ń ya irun Lusi. Bí Bàbá Lusi ṣe ń rẹ́rìn-ín. Kódà bí o ṣe to ìkòkò."

Ó ní, "Ẹ̀rín wo?" Mo sọ fún un. Ó ronú, ó ní, "Mo ní ẹja tó pa lọ́jọ́ náà kéré débi pé ká kọ́kọ́ fún un ní wàrà mu. Ohun tí ẹ fẹ́ tìtorí rẹ̀ pa mí nìyẹn?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́. Kò dì mọ́ mi. Ó fún mi ní etí aṣọ ibùsùn kan kí n bá a dì mú, a jọ fún omi rẹ̀ dànù, èmi pẹ̀lú ọwọ́ kan ààbọ̀.

Ó ní, "Mi ò ní wá tọ́jú yín mọ́. Bàbá Lusi lè fọ egbò. Wọ́n ti gbà mí padà síbi iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ẹní ni, màá gba ààyè wá hun ún. Ẹ ò sì ní jókòó sí ẹnu ọ̀nà máa wò mí. Inú iṣẹ́ náà lẹ máa jókòó sí."

"Kí ni n óò lè ṣe nínú rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin ni ọ̀gá."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15

Bàbá Lusi fọ egbò ìgbọ̀nwọ́ mi. Ó ń mí bí ẹni tó ń gbé òkúta. Mo fi èjìká òsì hàn án. Kò sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 30

Kelera dé pẹ̀lú ààyè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mò ń fi ìkarahun ra ewé kó rọ̀, ọwọ́ òsì ń fà, ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ̀. Lọ́sàn-án ìka àárín dùn mí débi pé mo gé ètè jẹ. Ooru ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá

Ẹní parí. Kelera hun gbogbo ibi tí mo gé láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Èmi hun ìlà mẹ́ta péré ní igun kan, wọ́n sì wọ́. Mo ní kó tú u. Ó ní òun kò tú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ láì wò mí, ó sì dùn mí dáadáa.

Mo ṣì ń jowú. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Lusi jẹ́ kí n ya irun òun, ṣùgbọ́n bí mo bá mú ọ̀bẹ, ojú rẹ̀ á tẹ̀lé ọwọ́ mi. Máńgòrò ti ń pọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá

Ìgbéyàwó Seini. Mi ò wé ọrùn. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹní náà síwájú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú òwú pupa àti àwọ̀ ewé létí rẹ̀, àwọn obìnrin hó. Ìyá Seini dì mọ́ mi lọ́wọ́ òsì, ó ké pé, "Ọwọ́ Vilisi nìyí! Iná kò rí i mú!"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ó dùn mọ́ mi gan-an ni. Mo lè jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Lusi dúró tì mí, ó ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Kelera ló hun ún. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo bà á jẹ́, ó tún un ṣe."

Ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, kó tó tún ga sókè, àwọn obìnrin yí Kelera ká, wọ́n ń fi páúdà sí i lọ́rùn láti yẹ́ ẹ sí. Mo dúró síbi tí mo wà. Ó ń ta mí bí omi iyọ̀ lójú egbò. Lusi lọ bá wọn jó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 12

Suva. Dókítà ní ìka àárín ti nà díẹ̀, kí n máa bá a lọ. Nọ́ọ̀sì Ilisapeci ní obìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù, Makereta ni orúkọ rẹ̀, láti Rakiraki, epo gbígbóná ló dà lé e. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ní bí mo bá fẹ́, kí n lọ jókòó tì í. Mo ní kí ni n óò sọ fún un. Ó ní òun kò mọ̀.

Wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ Makereta méjèèjì bí ìgbà tí wọ́n bá di ẹran sínú ewé. Òǹgbẹ gbẹ mí, mo bu omi, mo gbé ife sẹ́nu. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbé e, mi ò tilẹ̀ mọ̀. Nígbà tí mo sọ ife kalẹ̀, mo rí i pé ó ń wo ìka mi. Kò wo ojú mi, kò wo ọrùn mi. Ó ń wo ìka mi tó ká ife náà, ojú rẹ̀ le, ètè rẹ̀ fún pọ̀, bíi pé kó dìde já wọn gbà lọ́wọ́ mi.

Mo mọ ìwò yẹn. Mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ ilé mi lọ.

Mo fa àga sún mọ́ ọn. Mo ní, "Makereta, máa jowú mi. Mi ò ní bínú."

Ó wá fi àgbọ̀n tọ́ka sí ife náà, ó ní, "Báwo ló ṣe pẹ́ tó kí o tó lè gbé e?"

Mo ní, "Oṣù márùn-ún."

Ó ní, "Inú ń bí mi sí ọ."

Mo bu omi mìíràn, mo gbé e sí i lẹ́nu. Ó mu ún tán, ó ní kí n tún bù sí i.